Ohun Tí Kò Hàn sí Àlàájì Rájí

Bí ẹ bá ń gba Mẹ́rínà kọjá láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dún 1974, tí ẹ gbọ́ tí agogo ń dún gan-an-ran gan-an-ran nínú ilé alájà mẹ́ta kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ẹ má sá o. Ilé kọ́ ló ń jó. Àlàájì Mùsílíù Rájí ló ń gun àtẹ̀gùn.

Ọkùnrin yìí ni ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì kékeré kan tí wọ́n ti ń forúkọ ọgbọ́n tuntun sílẹ̀. Ẹni tó bá ronú kan nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, ibẹ̀ ni yóò gbé e lọ. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì jẹ́ tuntun lóòótọ́, wọn á fún un ní ìwé tí wọ́n ń pè ní páténtì, òun nìkan ni yóò sì láṣẹ láti máa ṣe nǹkan náà fún ogún ọdún. Òfin kan ló wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì: ohun tó bá ti hàn gbangba sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kò gbọdọ̀ gba páténtì. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni. Èèyàn kan ò lè dìde lónìí kó ní òun lòun kọ́kọ́ fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, kó wá ní kí gbogbo ìlú máa jẹ àtẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní lẹ́tà “e”. Ṣùgbọ́n lójú Àlàájì Rájí, bí ọ́fíìsì náà bá ti ìlẹ̀kùn fún ọjọ́ kan, gbogbo orílẹ̀-èdè ni yóò sùn gọ̀. Nítorí náà, bí agogo bá ti dún, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án á tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Fàtáì, igbákejì rẹ̀, ẹni tó lè yin èèyàn lọ́nà mẹ́rìnlá kó tó mí, á wá lọgun, àwọn yòókù á sì máa dá a lóhùn.

“Ta ló ń bọ̀?”

“Ọgbọ́n ni!”

“Ta ló tún kù lẹ́yìn rẹ̀?”

“Kò sẹ́nì kan!”

Àlàájì á fi agbádá gbálẹ̀ kọjá láàárín wọn, á mi orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á wọlé. Fàtáì á tẹ̀ lé e pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ọmọ kẹfà ni nínú agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ jù, tí wọn kì í sì í bi léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀, wọn á ní, “Mùsílíù, lọ pọnmi wá.” Ó pọnmi títí ó fi pé ọmọ ogún ọdún. Nígbà tó wá di ẹni tí à ń lu agogo fún, ó gbà pé agogo náà ló ń sọ òtítọ́, pé àwọn ará ilé ni wọn kò lójú.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Adéyẹmí wá láti Kọ́ńpìnnì Ìmọ́lẹ̀ Àárọ̀, àwọn tó ń ta iná gígùn inú ìgò tí wọ́n ń so mọ́ àjà ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wa la mọ iná náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n fi ra inú ìgò yẹn, ìyẹ̀fun náà ló sì ń tan ìmọ́lẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ìyẹ̀fun yìí funfun jù, funfun rẹ̀ sì tutù bí ojú òkú. Lábẹ́ rẹ̀, ẹran tí wọ́n pa láàárọ̀ á dà bí ẹran ọjọ́ mẹ́ta, ìyàwó tuntun á dà bí ẹni tí ibà ń ṣe. Adéyẹmí ní kọ́ńpìnnì àwọn ti rí oògùn rẹ̀: kí a po ìyẹ̀fun mìíràn tó pupa díẹ̀ mọ́ funfun. Páténtì lórí pípò yẹn ni wọ́n ń fẹ́.

“Àlàájì,” ni Adéyẹmí wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àgbọ̀n kan orúnkún, “à bá ti gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n a ní kí la fẹ́ lọ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ ń retí ohun tí Àlàájì máa sọ?”

Àlàájì di ojú díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè ráyè wọra. Ó wá ní kí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ògiri fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ wá sọ ọ́.

Ní ọjọ́ ogún, Jímọ̀ dé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ní ibi iṣẹ́ kan ní Ìdúmàgbò tó ti ń fi iná tẹ ìgò tíńrín di lẹ́tà, tó ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ń tàn yanran lókè ilẹ̀kùn. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni iná ti bu jẹ. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀.

“Àlàájì, ẹ má bínú sà. Pípò tí wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí, ojoojúmọ́ la ń pò ó. Bí oníbàárà bá ní iná òun ti funfun jù, a ó bu pupa sí i. Bó bá ní ó ti pupa jù, a ó bu funfun sí i. Gbogbo wa tí à ń ṣe é la mọ̀ ọ́n. Ó hàn gbangba, sà.”

“Ó hàn sí ta ni?”

“Sí àwa oníṣẹ́, sà.”

Àlàájì yí àga rẹ̀ padà. “Fàtáì! Ǹjẹ́ ó hàn sí ọ?”

Fàtáì kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. “Àlàájì, bí kò bá tíì hàn sí yín, ojú ta ni mo fẹ́ fi rí i?”

“Ó dára. Kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀.” Àlàájì dìde, ó ká apá agbádá sí èjìká méjèèjì. “Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi, Mùsílíù Rájí, ẹni tí ìjọba fi ṣọ́ ẹnubodè ọgbọ́n, kò mọ̀ nípa pípò yìí títí di aago mẹ́wàá ààbọ̀ òní, níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ohun tó bá hàn gbangba, èmi ni yóò kọ́kọ́ hàn sí, nítorí náà, pípò yìí kò hàn, kò sì hàn rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí i ṣáájú mi, ó rí i lọ́nà àìtọ́.”

Ẹ tún un kà, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo lérò pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́ bí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀kan.

Jímọ̀ ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó gbójú sókè wo Àlàájì, ó wo Fàtáì, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pàtẹ́wọ́. “Ṣé kí n lọ gbé agolo méjèèjì wá sà? Ìṣẹ́jú kan ni mo fi máa pò ó kí ẹ rí i.”

“Ipò mi kò gba kí n máa wo inú agolo,” ni Àlàájì dáhùn. Wọ́n mú Jímọ̀ jáde. Kí ọjọ́ mọ́kànlélógún náà tó pé, Adéyẹmí ti gba páténtì.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àlàájì débi pé kò jẹun ọ̀sán dáadáa. Kí oníṣẹ́ ìgò wá dúró níwájú òun kó ní nǹkan hàn! Lọ́jọ́ kejì ó fi ìwé ránṣẹ́ yí ọ́fíìsì ká: láti òní lọ, òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ sọ pé nǹkan “hàn gbangba”, tàbí pé ó “hàn kedere”, tàbí pé “ojú lásán” lèèyàn fi lè rí i. Ẹni tó bá sọ ọ́, ó ti rí Àlàájì fín.

Báyìí ni òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti àjà sórí tábìlì Àlàájì, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí omi tútù kan sí i lọ́rùn, ó béèrè pé kí ni. Fàtáì ṣí agbòòrùn lé e lórí. “A kò tíì mọ̀, Àlàájì,” ló wí. “A ti yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta láti wádìí rẹ̀.” Ìgbìmọ̀ náà jókòó títí òjò fi dá.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọlọ́pàá méjì àti akọ̀wé méjì lọ sí Ìdúmàgbò nítorí páténtì náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn Jímọ̀ pa. Wọ́n kó agolo ìyẹ̀fun rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó fi ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìgò lọ. Àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ túká. Jímọ̀ fúnra rẹ̀ wá lọ ń gbé àpò ìrẹsì fún àwọn oníṣòwò ní ọjà Sandgrouse. Ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìgò di lẹ́tà “S” wá ń fa ìdí àpò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń yọ gbogbo iná tí Jímọ̀ bá ti ṣe. Ní ṣọ́ọ̀bù keje, wọ́n gun àpótí obìnrin kan tó ń ta léèsì, wọ́n yọ iná rẹ̀, wọ́n sì béèrè orúkọ kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀.

“Àlájà Àdìjátù Rájí,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ọ̀gá yín mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n Àlàájì ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó gba Mẹ́rínà lọ, ó gun àtẹ̀gùn láìsí agogo, ó sì ti ilẹ̀kùn wọlé.

“Mùsílíù.”

Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Fàtáì. Láti ọdún mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ yẹn lóun nìkan nínú ilé náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀,” ni Àlàájì wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Ẹ jókòó. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé níbí, Àlàájì ni wọ́n ń...”

“Mo bá ìyá wa wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Níbo ni iná mi wà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, òfin ni. Ọgbọ́n tuntun ni iná yẹn.”

“Tuntun bíi ti báwo? Ọdún tí a yí ọkọ̀ padà sí ọwọ́ ọ̀tún, ọdún kejì rèé, ni Jímọ̀ gbé e kọ́ fún mi. Mo ní àwọn oníbàárà ń gbé léèsì jáde lọ wò nínú oòrùn kí wọ́n tó rà á, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà lábẹ́ iná àtijọ́. Jímọ̀ ní kò le, òun á po nǹkan sí i. Láti ìgbà yẹn, bí léèsì bá ṣe rí nínú ilé ló ń rí níta. Ìwọ náà, lábẹ́ iná yẹn lo ti ń ṣínu pẹ̀lú mi lọ́dọọdún. Lábẹ́ rẹ̀ lo ti yan léèsì tí o wọ̀ lọ́jọ́ tí a pàdé rẹ láti Mẹ́kà. O gbé e jáde síta, o gbé e wọlé, o ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, kò yàtọ̀ o!’ Ṣé o ti gbàgbé?”

Àlàájì kò gbàgbé. Ó rí léèsì náà lójú ọkàn rẹ̀, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ó rí ẹ̀kọ àti àkàrà lórí àtẹ. Ó tilẹ̀ rántí pé lọ́jọ́ yẹn òun wòkè, tí òun sì ní iná yìí mà dára o. Ohùn kékeré kan sọ nínú rẹ̀ pé, Mùsílíù, òótọ́ ni obìnrin yìí ń sọ. Ó ku díẹ̀ kó ṣí ẹnu. Ló bá rí i pé Fàtáì ń wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “ohun tí mo rí nígbà tí n kò sí lẹ́nu iṣẹ́, n kò rí i.”

Àlájà Àdìjátù na ìka sí i. “Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Tìrẹ ti wọ ojú lọ, o ní tìróò ni.” Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. “Ó dáa. Ilé ẹjọ́ wà.”

Ó lọ bá Lọ́yà Dáfídì ní Pópó Àgùdà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀wù kóòtù rẹ̀ ti gbó ní ìgbọ̀nwọ́, tó máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Orúkọ Jímọ̀ ni wọ́n fi pe ẹjọ́, pé kí ilé ẹjọ́ gíga fagi lé páténtì náà.

Ẹjọ́ náà bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Lọ́yà ìjọba gba Àlàájì nímọ̀ràn pé kó rán akọ̀wé kan lọ, kí akọ̀wé náà sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àlàájì ní ṣé akọ̀wé ni yóò wá ṣàlàyé ọgbọ́n fún adájọ́? Ó dé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Fàtáì gbé agogo lọ́wọ́, ọlọ́pàá sì gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ dun Àlàájì, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ilé ẹjọ́ kún, ara rẹ̀ yá. Lójú tirẹ̀, òun ni wọ́n wá wò.

Lọ́yà Dáfídì tẹrí ba fún un lẹ́ẹ̀mẹta. “Àlàájì, ẹ fojú àánú wo àìmọ̀kan mi. Òfin ní kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Èmi ti sọ fáwọn èèyàn pé kò sí irú yín. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé ò ṣeé dí sà. Àwọn kan ní ẹ ò mọ nǹkan kan nípa iná.”

“Àwọn wo? Ẹ dárúkọ wọn!”

“Ẹ má dá wọn lóhùn sà. Wọ́n ní bí a bá gbé agolo méjì síwájú Àlàájì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa, tí a ní kí iná tó funfun jù rọ̀ díẹ̀, Àlàájì ò ní mọ ohun tí wọn máa ṣe. Wọ́n ní ẹ máa jókòó tì í dìrọ̀lẹ́.”

Lọ́yà kọ́ńpìnnì fò dìde láti takò ó. Àlàájì na ọwọ́ sí i. “Jókòó, ìwọ! Èmi? Dìrọ̀lẹ́? Kí ló wà ńbẹ̀? Kí a ṣáà bu pupa sí funfun!”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, Àlàájì sì rò pé ìyìn ni.

“Ẹ ṣeun sà,” ni Dáfídì wí, bí ẹni tí ara tù. “Ẹnu wọn ti wọ́. Àfi kí wọ́n tún ní ó gbà yín ní oṣù mẹ́fà kí ẹ tó ronú kàn án.”

“Oṣù wo? Kí n tó ṣẹ́jú! Ta ni ò mọ̀ pé pupa ló ń ti funfun mọ́lẹ̀? Aláró mọ̀ ọ́n, akunlé mọ̀ ọ́n! Kí ló fara sin níbẹ̀? Ó hàn gban...”

Ó dúró. Ọ̀rọ̀ náà há a lẹ́nu bí eegun ẹja. Ẹnì kan níwájú bo ẹnu rẹ̀. Adéyẹmí ni, òógùn sì ti bò ó.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹ parí rẹ̀, Àlàájì. Akọ̀wé ń dúró dè yín.”

“...gba,” ni Àlàájì wí.

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Adájọ́ kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu Jímọ̀, òun ti gbọ́ ti Àlájà Àdìjátù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yé òun yékéyéké tó ti ẹni tó fọwọ́ sí páténtì náà fúnra rẹ̀. Ó fagi lé e. Ó ní kí wọ́n dá irinṣẹ́ Jímọ̀ padà láìku ẹyọ agolo kan. Lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́, Àlàájì wẹ̀yìn kó lè gbé fáìlì fún Fàtáì. Fàtáì ti lọ.

Ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ìlà mẹ́ta péré ni: wọ́n kí i, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Àlàájì kò gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ agbádá rẹ̀ tó wúwo jù, ó lọ sí Mẹ́rínà. Bó ti kù díẹ̀ kó dé, agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó na ọrùn, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n ti mọ àṣìṣe wọn.

Àṣé Fàtáì ló ń gun àtẹ̀gùn. “Ta ló ń bọ̀?” ni ẹnì kan ké lókè. “Ọgbọ́n ni!” Ohùn wọn kò dín kù rárá, ká sòótọ́, ó tilẹ̀ ròkè díẹ̀ ju tàná lọ. Ẹṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbé ìwé àlejò síwájú Àlàájì. “Ẹ kọ orúkọ yín síbí, Bàbá, àti ẹni tí ẹ fẹ́ rí.” Àlàájì di bírò náà mú títí. Kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ rí i. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó yí padà. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnì kan.

Ó wà nílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò yọjú síta. Àwọn ọmọ agboolé ń kí i, ó ń fi imú dáhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn ìrun, Àlájà Àdìjátù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

“Dìde. Jímọ̀ ń ṣe iná mi, kò sì rí ẹni bá a di ìgò mú. Ìwọ lo tú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ká. Lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi...”

“Mùsílíù.”

Ó lọ. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìdúmàgbò, ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ìgbà tó fi débẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà ti di gbólóhùn méjìlá, “níwọ̀n ìgbà” mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀. Jímọ̀ ti ń po ìyẹ̀fun nínú ike, tí ó fi omi àti oje kan sí i tó fi rí bí ògì. Ó gbójú sókè. Kò dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ káàsán sà.”

Àlàájì wúkọ́. “Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé...”

“Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di orí ibí mú. Ọwọ́ méjèèjì.”

Ó ká apá agbádá, ó di ìgò gígùn náà mú. Jímọ̀ da ògì iná náà sí i láti òkè, ó ń ṣàn wálẹ̀ nínú ìgò. “Ẹ máa yí i sà. Díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá yára, yóò jọ sójú kan.” Àlàájì ń yí i. Èyí tó ń kán nídìí ìgò ta sí i lápá, ó ta sí i ní irùngbọ̀n. Ó fi pẹ́, apá sì ń ro ó, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò. Ó ń wo bí funfun náà ṣe ń bo ara ìgò, pẹlẹbẹ bí awọ ẹyin.

“Jímọ̀,” ló wí nígbà tó pẹ́, “kí ló dé tó fi jẹ́ pé pupa kékeré báyìí lẹ bù sí i?”

Ọwọ́ Jímọ̀ dúró. “Ẹ ò ṣe béèrè lọ́jọ́ yẹn sà?”

Àlàájì na ọrùn wo inú agolo náà. Jímọ̀ mi orí, ó gbé agolo pupa náà súnmọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un: bó bá pọ̀ ju báyìí lọ, ìmọ́lẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, bó bá dín, òkú ni yóò jọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti jẹ ọ̀gá, ọkùnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn dópin.

Obìnrin kan tó ru agbọ̀n ata ń kọjá lọ. Ó rí àwọn méjèèjì, ó rí ìgò tó wà láàárín wọn àti ìyẹ̀fun tó wà nírùngbọ̀n àgbàlagbà náà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá!”

Àlàájì bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Kò sí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ̀yin ni sà,” ni Jímọ̀ wí. “Ẹ dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kúrú, ìgò wà lọ́wọ́ yín.”